Ìkìlọ̀ Afárá Tí Kò Kúrò Nínú Ilé

Ilé tí ọ̀mọ̀wé bá pọ̀ sí, ẹ má retí pé ẹ ó rí ṣíbí níbi tó yẹ kí ṣíbí wà. Bí ilé tí Màámi ń gbé ṣe rí gan-an nìyẹn. Yàrá tó yẹ kí àlejò máa jókòó sí, tábìlì mẹ́ta ti gbà á tán. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà, tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì lórí bí afárá ṣe ń gbé ẹrù àti ohun tó ń mú kí agbára rẹ̀ dínkù. Èyí tó kángun sí ilẹ̀kùn jẹ́ ti ọkọ Ẹnjiníà. Onímọ́tò ni wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pè, nítorí pé ètò ìrìnnà ló ń kà, tó ń ka ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lójú títì láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ kò ní kẹ̀kẹ́ lásán. Tábìlì kẹta, tó kéré jù, jẹ́ ti àbúrò Ẹnjiníà. Dókítà ni òun. Ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì tún ń kàwé lórí ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ kí oníṣègùn ṣe sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Màámi ní tirẹ̀ kò ní tábìlì kankan. Maṣíìnì ìránṣọ ni tirẹ̀, inú ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì títì márosẹ̀ ni maṣíìnì náà sì wà. Òun ló ń rán aṣọ ibùsùn àti kọ́tìnnì tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Láti ilé dé ibi iṣẹ́ kò jìnnà. Èèyàn á rìn dé etí títì, á gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ lódìkejì, ó ti dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Màámi ti wọ bàtà, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Ọkọ mi," ló pe Onímọ́tò, "ṣé ẹ ò ní fi mọ́tò yín gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lónìí?"

"Màámi, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà," ni Onímọ́tò dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. "Ọjọ́ tí mo bá rà á ló máa tún un ṣe tán."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Ẹnjiníà. Ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

"Màámi, ẹ rántí o. Ẹ má gba orí afárá. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà."

"Ìwọ ọmọ yìí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo ti ń kọ orin kan náà sí mi létí. Kí ló wà lórí afárá? Ṣé àwọn olè ló wà níbẹ̀ ni?"

"Orúnkún yín ni mò ń rò. Àtẹ̀gùn yẹn ti ga jù."

"Orúnkún mi ò rán ọ níṣẹ́." Màámi gbọ́n aṣọ rẹ̀ dáadáa. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Ẹni tó bá bí ẹnjiníà, ó di dandan kó gbọ́ràn sí ẹnjiníà lẹ́nu." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Irọ́ ni Ẹnjiníà pa. Ọ̀rọ̀ náà kò kan orúnkún rárá. Afárá yẹn gan-an ló fi ń ṣe ìwádìí. Ó ti so àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń wọn bí irin rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ àti bó ṣe ń gbọ̀n nígbà tí èrò bá ń kọjá. Irin tó bá tẹ̀ nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tó sì padà sáyè rẹ̀ nígbà tí ẹrù kúrò, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n irin tó bá tẹ̀ lónìí tí kò padà tán, tó tún tẹ̀ lọ́la tí kò tún padà tán, ó ti ń dágbére nìyẹn. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà ń sọ nìyẹn. Nígbà tí Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ gun àkàbà lọ wo ibi tí irin ńlá náà ti jókòó lórí òpó, ó rí i pé omi òjò ti ń jò síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irin ti dógùn-ún. Ó fi ìka tì í, ó sì ń ré sílẹ̀ ní ìpẹ́pẹ̀ẹ́.

Ó sáré gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"A ò tíì wọ̀n ọ́n tó," ló sọ. "Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó títì fún wa láyè, àdéhùn wa sì ni pé a ò ní sọ ohunkóhun síta kí ìwádìí tó parí. Tí a bá pariwo lónìí, tí afárá yìí sì dúró fún ọdún púpọ̀ sí i, ta ló tún máa jẹ́ kí a fọwọ́ kan tirẹ̀? Parí iṣẹ́ rẹ, kí o gba oyè rẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ."

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ Ẹnjiníà pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì jáde. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá dá ọgbọ́n kan, ọgbọ́n àgbọ́njù. Ó ní òun ò ní da Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ò sì ní jẹ́ kí ìyá òun kú. Òun á pa àṣírí náà mọ́, òun á kàn ní kí Màámi má gba ibẹ̀ mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn aláboyún, àwọn ọmọ iléèwé tó ń sáré gorí afárá náà lójoojúmọ́, ó gbé ojú kúrò lára wọn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìwé òun tán.

Ohun tó dunni jù ni pé nínú yàrá kan náà yẹn, ìdáhùn wà lórí tábìlì méjì yòókù. Onímọ́tò ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tirẹ̀ pé níbikíbi tí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti ń sá fún afárá, abẹ́ afárá náà ni wọ́n máa ń gbà, kò sì sí ibi tó burú jù ú lọ, torí pé awakọ̀ tó bá rí afárá lókè kì í retí ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Ó tiẹ̀ kà á sókè nídìí oúnjẹ. Dókítà náà ti sọ ọ́ nídìí oúnjẹ kan náà pé tí èèyàn bá ń dán oògùn kan wò, tó wá rí i pé ó ń pa àwọn tó ń lò ó lára, kò gbọ́dọ̀ dúró kí ìwádìí parí. Ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró, kó sì sọ fún gbogbo wọn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nìkan. Ẹnjiníà mi orí sí àwọn méjèèjì, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ẹnìkejì.

Yàrá àyẹ̀wò ni Ẹnjiníà wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ́ bíríkì kọnkéré kan láti mọ bó ṣe le tó, ariwo sì pọ̀ débi pé ó ní láti jáde kó tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ nílé ìwòsàn."

"Kí ló dé? Ta ni nǹkan ṣe?"

"Màámi ni. Ọkọ̀ gbá wọn." Dókítà mí kanlẹ̀. "Abẹ́ afárá ni."

Ẹnjiníà ki eré mọ́lẹ̀. Kò mọ ẹni tó bá a gba báàgì rẹ̀, kò mọ irú ọkọ̀ tó wọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ létí títì, ohun tó kọ́kọ́ rí ni bàtà ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá. Ó gbójú sókè. Èrò kún orí afárá náà bámú, gbogbo wọn fara ti irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta omi létí títì ló ṣàlàyé fún un. Bọ́ọ̀sì kan ló dúró fún Màámi, awakọ̀ rẹ̀ sì juwọ́ sí i pé kó máa kọjá. Màámi gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sójú títì. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì náà ti bò ó mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kejì kò rí i, kò sì mọ ohun tí bọ́ọ̀sì torí rẹ̀ dúró. Eré ló ń sá bọ̀. Awakọ̀ náà kò sálọ. Ó ṣì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń sọ pé, "Mi ò rí wọn. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí wọn."

Ẹnjiníà kọjá lára rẹ̀. Ó mọ ẹni tó rán ìyá rẹ̀ gba ibẹ̀.

Nínú yàrá pàjáwìrì, orí Màámi pé, àmọ́ ojú rẹ̀ ti funfun. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ ibùsùn tó wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rọra gé e," ni Màámi wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Èmi ni mo rán an. Òwú rẹ̀ wọ́n."

Nọ́ọ̀sì náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Oníṣẹ́ abẹ àgbà, ọkùnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, pe àwọn ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rún láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọmọ ìka mọ́. Àfi kí wọ́n gé e kí oró rẹ̀ tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ pa á.

Ẹnjiníà di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Ẹ má sọ fún Màámi. Mo bẹ̀ yín. Ẹ kàn kùn wọ́n lóorun. Tí wọ́n bá jí, a ó wá bí a ṣe máa sọ ọ́. Ẹ gbé ìwé náà wá, èmi ọmọ wọn àgbà á fọwọ́ sí i."

"Rárá, Àǹtí mi," ni Dókítà wí. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Orí Màámi pé. Wọ́n ń gbọ́rọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń lọ, ọmọ rẹ̀ ò lè gbà fún un, ọkọ rẹ̀ ò lè gbà fún un, èmi dókítà náà ò lè gbà fún un. A gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe wọ́n, ohun tí a fẹ́ ṣe, ewu tó wà níbẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá kọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn á sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí èèyàn bá ti dákú ni ọ̀rọ̀ yí padà."

"Kí ẹ̀rù má bàa bà wọ́n ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù tiwọn ni, àbí tiyín?"

Ẹnjiníà jọ̀wọ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ fa àga kan, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú Màámi dọ́gba. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi kan pa mọ́. Màámi gbọ́ ọ dópin. Ó béèrè bóyá ọ̀nà míì wà, wọ́n ní kò sí. Ó béèrè bó ṣe máa rí tí òun bá kọ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ojú, omi jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ gé e," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa kó má jẹ́ òsì lẹ máa gé o."

Ó fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí ọmọ rẹ̀ àgbà.

"Wọ́n ti sọ ti ẹsẹ̀ fún mi. Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Kí ló wà lórí afárá yẹn?"

Ẹnjiníà ṣubú lé orúnkún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó sọ ọ́: irin tí kò padà sáyè mọ́, omi tó ń jò, ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, irọ́ orúnkún. Ẹkún ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó fẹ́ wó?" ni Màámi béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ọjọ́ ni mi ò mọ̀."

"O sì sọ fún èmi nìkan."

"Mo rò pé..."

"Àwọn nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gba ibẹ̀ ńkọ́? Ọmọ iléèwé ńkọ́? Ṣé wọn ò ní ìyá ni?" Ìrora mú un, ó di etí ibùsùn mú. "Ọkùnrin yìí kì í ṣe ẹbí mi. Síbẹ̀ ó jókòó tì mí, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó fọwọ́ síwèé. Àwọn tó wà lókè yẹn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé ikú tí ẹnikẹ́ni ò kà fún wọn. Dìde lórí orúnkún rẹ. Tí o bá fẹ́ bẹ̀ mí, ibí kọ́ lo ti máa bẹ̀ mí."

Wọ́n tì í lọ. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ pa dé.

Ẹnjiníà dúró níwájú ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ jókòó síbẹ̀ kó máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí títì, ó sì ń rí afárá náà. Àsìkò tí òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àárọ̀ ti ń sún mọ́lé, iléèwé náà kò ní pẹ́ jáde. Ìgbà yẹn ni èrò máa ń pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó fara balẹ̀, kí àwọn kọ̀wé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ títì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Sà, mo fara balẹ̀ títí. Ẹsẹ̀ ìyá mi ni wọ́n ń gé lọ́wọ́ yìí. Mi ò lè dúró mọ́." Ó pa fóònù.

Ó pe iléeṣẹ́ títì fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù níbẹ̀ ní kó fi sínú ìwé. Ẹnjiníà pariwo mọ́ ọn pé, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí! Orúkọ mi nìyí, nọ́ńbà mi nìyí. Mo ń sọ fún yín pé irin tó jókòó lórí òpó àárín ti jẹra. Tó bá wó, ẹ ò ní lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín." Ohùn ẹni náà yí padà. Ó ní àwọn á rán ẹnìkan wá.

Bí Onímọ́tò ṣe sáré wọlé nìyẹn, ọ̀ọ̀gùn bò ó. Ẹnjiníà sọ fún un. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra wálẹ̀ títí ó fi jókòó sórí sìmẹ́ńtì.

"O mọ̀," ló ń sọ. "O mọ̀, o sì ní kí wọ́n gba ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí mo ti ń kọ nípa rẹ̀ láti èṣí. Tábìlì mi àti tìrẹ, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín wọn?"

"Ẹ bú mi bó bá yá, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ ká lọ ti afárá náà pa."

"Tí o bá tì í pa láìṣètò ìsàlẹ̀, irú ti Màámi lo tún fẹ́ ṣe fún àwọn míì yẹn." Ó dìde. "Ọkọ̀ la máa kọ́kọ́ dá dúró. Kì í ṣe ojú ọ̀nà kan o. Gbogbo ojú ọ̀nà ni, kí bọ́ọ̀sì kankan má bàa bo ẹlẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe lábẹ́ afárá. Iwájú díẹ̀ ni, níbi tí awakọ̀ á ti rí wa láti òkèèrè."

Dókítà ló bá ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé áńbúláǹsì méjì jáde, wọ́n fi dábùú títì lọ lọ́tùn-ún àti lósì, iná wọn ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì wọ ẹ̀wù tó ń tàn, wọ́n dúró sójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ ti dúró tán ni Ẹnjiníà ta okùn sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn afárá.

Ẹ wo èébú! Awakọ̀ ń fọn fèrè ọkọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ń pariwo.

"Ṣé bàbá rẹ ló kọ́ afárá yìí ni?"

"Ìwé ti yí i lórí! Ẹ jẹ́ kí n kọjá, mo ti pẹ́."

Ẹnjiníà di okùn náà mú. "Mo mọ̀ pé afárá yìí ti bà jẹ́, mo sì dákẹ́," ló pariwo. Ohùn rẹ̀ ya. "Ìyá mi nìkan ni mo kìlọ̀ fún. Wọ́n wà níbi iṣẹ́ abẹ báyìí. Ẹ wo ara òpó yẹn. Ẹ ò rí omi pupa tó ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀? Irin tó ń jẹra nínú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ má gun ún!"

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fò, ó sì fi gbogbo ara balẹ̀ gì. "Ṣé eléyìí ló fẹ́ wó?"

Afárá náà mì. Ọkùnrin náà ti dúró, àmọ́ afárá kò dúró. Ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ eyín sì ń ti orí òpó jáde. Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo èèyàn.

"Ẹ má sáré!" ni Ẹnjiníà kígbe. "Ẹ má jọ kóra jọ síbì kan! Lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ yín."

Wọ́n ń bọ̀, obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ iléèwé tó di irin mú, bàbá arúgbó. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ yẹn ló gbẹ̀yìn. Ó ń rọra fi ẹsẹ̀ kan dán àtẹ̀gùn wò kó tó gbé èkejì.

Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ títì dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n mú Ẹnjiníà torí pé ó dí ọ̀nà. Ẹnjiníà fún un ní àkàbà tí wọ́n yá ní ilé ìwòsàn. Ó gùn ún, ó wo ibi tí wọ́n ní kó wò, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, fóònù ló gbé sétí, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó irin wá ti ẹnu àtẹ̀gùn méjèèjì pa, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kó áńbúláǹsì kúrò títí wọn á fi rí ohun míì fi rọ́pò wọn.

Màámi kò kú. Ó jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ibà sì jà á lẹ́yìn náà títí gbogbo ilé fi sọ ìrètí nù, kó tó di pé ó lajú. Wọ́n tú afárá náà palẹ̀. Ibi tí Onímọ́tò tọ́ka sí ni wọ́n kun ìlà funfun sí, wọ́n gbé iná tó ń dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀, wọ́n sì ṣe òkè kékeré sójú títì kí awakọ̀ má lè sáré. Yunifásítì pe Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Ẹnjiníà sí ìgbìmọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ títọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì dá ìwádìí Ẹnjiníà dúró. Wọ́n ní mímọ̀ tó mọ̀ tó sì dákẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì, kódà kó jẹ́ pé àgbà ló ní kó dákẹ́. Kò janpata. Awakọ̀ tó gbá Màámi ṣì ń lọ sí kóòtù. Ẹnjiníà ń bá a lọ, ó ń dúró síwájú adájọ́, ó ń sọ ẹni tó rán ìyá rẹ̀ gba ìsàlẹ̀.

Àwọn tó ń wá kí Màámi nílé pọ̀. Bí wọ́n bá jókòó tán, wọ́n á wo ibi tí aṣọ ti rọ̀ sílẹ̀ láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á mi orí.

"Iṣẹ́ èṣù ni," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ ṣá máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà."

"Mò ń dúpẹ́," ni Màámi máa ń dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ mọ́ èṣù nínú ilé mi. Ọmọ mi mọ̀, kò sọ. Ẹnjiníà, wá. Wá sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ."

Ẹnjiníà á sì wá. Á jókòó sílẹ̀ níwájú àlejò, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀kan sí i. Màámi kò gbà kó fo ibì kankan. Ìyá náà kò kórìíra ọmọ rẹ̀, Ẹnjiníà ló ń gbé e láàárọ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dínkù lẹ́nu ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, bóyá ẹ kì í ṣe ẹnjiníà. Àmọ́ ẹ ní ojú. Ẹ ti rí ògiri tó sán tí sísán rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ẹ ti rí afárá tó ń da omi ìdógùn-ún sílẹ̀, tó ń mì lẹ́yìn tí èrò ti kọjá. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín, ẹ sọ fún ìjọba, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ, kí ẹ sì tún padà lọ sọ. Ẹ̀yin awakọ̀, tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín bá dúró, ẹ dúró, ẹ ò mọ ẹni tó dúró fún. Ẹ̀yin tí wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ síwèé nílé ìwòsàn, ẹ béèrè títí á fi yé yín. Ẹ̀yin olùwádìí, tí ọ̀gá bá ní kí ẹ dákẹ́ nígbà tí ẹ̀mí wà nínú ewu, ẹ bu ọlá fún un, kí ẹ sì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mọ ohun tó lè pa ọmọ ẹlòmíì, tó sì jẹ́ pé ìyá yín nìkan lẹ sọ fún, ẹ ò tíì sọ ọ́ rárá.